Ìlà Àárín Tí Mo Fò

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní kíláàsì èmi Badrudeen níbí ní Ìwó láti kọ́ bí a ti ń kàwé kíákíá, ẹ fún mi létí. Ojú mi ń kú lọ, mi ò sì fẹ́ kí òtítọ́ bá a ṣókùnkùn.

Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Èmi ni mo ṣàkíyèsí pé ojú kì í ṣàn lórí ìwé bí omi. Ó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Mo mú igi tínínrín tí a fi ń tọ́ka sí wàláà nílé-kéwú, mo fi ń fa ojú lọ. Mo fi páálí bo ìlà tí mo bá ti kà, kí ojú má baà padà sẹ́yìn. Mo tún kọ́ yín pé ẹni tó bá ka ìlà àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn ti mọ ohun tó wà láàárín. Irọ́ nìyẹn.

Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Mùrí àgbẹ̀ gbé ike oògùn koríko wọlé. Ó ní, "Bàbá, Safurat tó tà á fún mi ní kí n kọ́kọ́ wá ẹni tó máa ka òyìnbó ara rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ mi ti dé orúnkún, ṣé kò ní pa á?"

Ẹ pariwo pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká wòran!" Orí mi wú. Mo fi igi gbá ara ike náà kọjá, kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. "Lọ fín in! Koríko nìkan ló ń pa."

Ó fín in, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo ẹ̀gẹ́ rẹ̀ fi pọ́n bí ewé tí iná rá. Ó gbé ike náà padà wá, ó ń pariwo pé Safurat ta ayédèrú fún òun, èrò sì tẹ̀ lé e. Safurat kúnlẹ̀ níwájú mi. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, bàbá. Ẹ tún un kà. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ, mo gbà."

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò mú igi. Mo ka gbogbo rẹ̀, ètè mi ń mì bí ti ọmọ kéwú tuntun. Ó wà láàárín gbangba: kí a fín in kí ẹ̀gẹ́ tó hù, bó bá ti yọ ewé, á pa á. Ojú gbogbo yín wà lára mi. Ẹ gbọ́ ohun tí èmi ẹni ibi ṣe. Mo gbójú sókè, mo ní, "Ohun tí wọ́n kọ síbí kọ́ ló wà nínú ike. Ayédèrú ni."

Ìgbà àkọ́kọ́, mo yára, mo ṣì í kà. Ìgbà kejì, ó yé mi, mo purọ́.

Safurat kò jiyàn. Ó ní, "Ó dáa, bàbá, bí ìwé bá sọ bẹ́ẹ̀." Ta nínú yín ni ì bá gba ike lọ́wọ́ ọ̀gá láti tún un kà? Kò sẹ́ni tó tún rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ìsọ̀, ó kó lọ sí Ilé-Ogbó, ẹ sì ń pe ìyá rẹ̀ tó kù síbí ní Ìyá Ayédèrú títí dòní.

Ní báyìí, Raheemah ìyàwó ọmọ mi ló ń bá mi kàwé. Bó bá yẹ ike oògùn ojú mi wò, tó ní, "Ẹ̀kán kan ni, bàbá," mo máa ń gbà. Kí ni mo tún lè ṣe? Ìgbà yẹn ni mo máa ń rí Safurat lórí ìkúnlẹ̀.

Safurat, foríjì mí. Mùrí, èmi ni mo pa ẹ̀gẹ́ rẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa yára bó bá jẹ́ ìwé tara yín lẹ̀ ń kà. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíì bá na ìwé sí yín, ẹ mú páálí kúrò, ẹ padà sẹ́yìn.

Raheemah ló ń ka èyí fún yín níwájú ìsọ̀ tí Safurat tì. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má fo ìlà kankan.