Ọdún Mẹ́fà Tí Mo Yọ Kúrò Lọ́jọ́ Orí Mi

Ẹ̀yin ará régbérégbé wa, ẹ jẹ́ kí ọtí yẹn ṣì dúró ná. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èmi Frederick. Bí n ò bá sọ ọ́ lónìí, yóò pa mí. Èmi kì í ṣe ẹgbẹ́ yín lọ́jọ́ orí. Ọdún mẹ́fà ni mo yọ kúrò lọ́jọ́ orí mi nígbà tí ẹ gbà mí, torí ẹ̀yin lẹ mọ yíyan lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Àwọn ojúgbà mi ò mọ̀ ju kí wọ́n máa ráhùn ẹ̀yìn ríro lọ.

Ẹ mọ Susannah, àbúrò mi tó wà ní Ayépé. Nígbà tí ìjọba ní kí ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin wá forúkọ sílẹ̀ fún adójútòfò ìlera, inú ẹ̀ dùn, torí ojú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀rù bà mí. Bọ̀wálé tiwa yìí ló ń bá wọn kọ orúkọ níbẹ̀. Bí àbúrò bá ti pé márùndínláàádọ́rin, kí ni ẹ̀gbọ́n ń wá láàárín àwọn ọmọ ọgọ́ta?

Mo ní, “Má da ara ẹ láàmú. Panadó lásán ni tìjọba yẹn. N ó ra ti aládàáni fún ẹ, ìyẹn ló ń sanwó iṣẹ́ abẹ.” Ẹ ò rí ìkà. Tìjọba ń sanwó àyẹ̀wò àti oògùn tí wọ́n ń kán sójú. Torí iṣẹ́ abẹ nìkan ni wọ́n ṣe ń ra àfikún lọ́dọ̀ aládàáni. Nígbà tí mo sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta àfikún ọ̀hún, wọ́n ní orí tìjọba làwọn ń lé e, kí n mú káàdì ìjọba wá. Mo padà sílé, mo sọ fún Susannah pé mo ti sanwó.

Ó pè mí láti ilé ìwòsàn. “Bọ̀dá mi, wọ́n láwọn ò rí orúkọ mi. Ojú ọ̀tún yìí ti ń ṣókùnkùn o.” Mo ní, “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ni. Padà lọ lóṣù tó ń bọ̀.” Owó oògùn wà lápò mi, ṣùgbọ́n bí mo bá san án, yóò mọ̀ pé kò sí adójútòfò kankan. Bí mo ṣe ń sún un síwájú nìyẹn títí ojú méjèèjì fi fọ́. Dókítà ní ká ní ó tètè rí oògùn kán ni, ì bá máa ríran.

Títí di àárọ̀ yìí, ó ń sọ fáwọn ará Ayépé pé ẹ̀gbọ́n òun gbìyànjú. Ó ń gbàdúrà fún mi.

Ẹ yọ mí lẹ́gbẹ́, ó tọ́ sí mi. Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ gé ọjọ́ orí yín kù, ẹ tètè tún un ṣe kó tó kan ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni méjì nínú yín bá mi lọ sí Ayépé nísinsìnyí. Mi ò tíì sọ fún un. Bí mo bá dá lọ, mo mọ ara mi, irọ́ ni n ó tún pa.