Ẹ̀rọ Ní Àṣàkẹ́ Ò Sí

Rárá o, Àǹtí Ayọ̀miídé, mi ò jókòó. Ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́, torí tí mo bá jókòó, ẹkún ni mo máa sun. Ta ló ní kí róbọ́ọ̀tì yín sọ fún ọmọ-ọmọ mi pé kò sí? Ọmọ ọdún márùn-ún, ó jókòó jẹ́jẹ́, ó ń fi ike kéékèèké kọ́lé, ẹ̀rọ la ẹnu lójú gbogbo kíláàsì, ó ní, "Àṣàkẹ́ ò sí níbí." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́.

Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́. Ẹ ní kì í ṣe ohun tó ní lọ́kàn nìyẹn. Irin wo ló lọ́kàn? Ẹ ní kámẹ́rà ló fi ń wo ojú àwọn ọmọ tí wọ́n bá ń ṣeré, pé ọmọ tí ò bá ti wo òun, á gbà pé ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó dáa. Ta ló wá ní kí wọ́n máa pe irin náà ní Àǹtí? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni? Èmi ni mo kọ́ Àṣàkẹ́ pé tí Àǹtí bá ń bá a sọ̀rọ̀, kó wolẹ̀, kó má ranjú mọ́ àgbà. Ẹ̀kọ́ ilé lọmọ ń lò fún irin, irin ní ọmọ ò fọkàn sí i. Ẹ bi í ní ohun tí irin yẹn sọ lọ́jọ́ náà, á sọ ọ́ fún yín látòkè délẹ̀, tòun torin tó kọ.

Kí lẹ wí? Ọ̀rọ̀ kékeré? Àǹtí, nígbà tí Bọ́lánlé ọmọ mi kú lọ́dún tó kọjá, tí ọmọ yìí ń wá ìyá ẹ̀ kiri yàrá, èmi ni mo fẹnu mi yìí sọ fún un pé màmá ẹ ò sí mọ́. Ó mọ ibi tí ẹni tí ò sí ń lọ. Ó bá wa débi sàréè.

Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti ń bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ ń rí mi?" Kó tó jẹun, á ní kí n kọ́kọ́ pe orúkọ òun. Lánàá mo bá a níwájú dígí, ó ń fọwọ́ pa ojú ara ẹ̀. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ báyìí, á ranjú mọ́ mi, kò ní ṣẹ́jú, bí ẹni pé tóun bá wolẹ̀ pẹ́nrẹ́n, òun á pòórá. Mo fi Ọlọ́run búra, ẹ̀rù ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi wẹ̀ ti ń bà mí.

Mi ò wá gba "ẹ má bínú." Òun náà nìyí lẹ́yìn mi, tó di ìró mi mú. Ẹ tan ẹ̀rọ yẹn. Kó pe orúkọ ẹ̀ lójú mi, kó ní Àṣàkẹ́ ń bẹ, kí ọmọ mi tún lè máa wolẹ̀.