Kí Ló Máa Bá Adìyẹ Lọ?

Apá. Martins, apá adìyẹ ni wọ́n gbé fún mi. Fi àwọ̀n yẹn sílẹ̀ ná, ẹja ò ní tìtorí èmi kó kúrò ní Marine Beach, gbọ́ mi. Èmi Mùtíù tí mo wa tírélà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí kò sí géètì tí wọn ò ti mọ̀ mí ní Tin Can, mo jókòó lórí àga mi, nínú ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ sí Olodi-Apapa, lójú àna mi tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilé náà láti ọdún mẹ́fà, wọ́n wá gbé apá síwájú mi bíi pé wọ́n ní mo fẹ́ fò. Apá, ànàmọ́ òyìnbó mẹ́ta, àti kábéèjì tútù. Mo dúpẹ́. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Iwe ńkọ́? Ohun tí èmi náà ń bi ara mi láti àná nìyẹn. Kì í ṣe ìwé tí wọ́n ń kà o, iwe, iwe inú adìyẹ, èyí tí bàbá mi ń jẹ ní Ìwó tí gbogbo ilé á dákẹ́ títí á fi gbé e mì. Iwe ni ti baálé ilé, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ kékeré mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò sì ní purọ́ mọ́ Nneka, ìyàwó Tájù ọmọ mi, láti ìgbà tí Sàlímọ́tù ìyàwó mi ti fi mí sílẹ̀ lọ, kò sí adìyẹ tó wọ ìkòkò nílé yẹn tí iwe rẹ̀ ò dé iwájú mi. Ó ń ṣe é dáadáa. Ọjọ́ tó yẹ kí ayé rí i gan-an ló wá yí i padà. Ọmọ tó kàwé débi tí wọ́n ń kàwé dé, tí wọ́n ń pè ní màdáámù ní ọ́fíìsì wọn ní Apapa, ó kàwé kàwé, ó wá ṣi iwe kà.

Ó dáa, jẹ́ n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀ kó lè yé ẹ.

Bàbá Nneka, ìyẹn ọkùnrin tó ń ta páàtì tírélà ní Coconut, ló ránṣẹ́ pé òun máa wá kí wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Láti Coconut sí ilé mi, báwo ló ṣe jìnnà tó? Tírélà tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti kú máa débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ọdún mẹ́fà ló gbà á. Inú àwọn ọmọ yìí dùn, wọn ò lè sùn. Kí la máa sè? Tí wọ́n bá gún iyán, àwọn àna á ní Yorùbá fẹ́ fi iyán gbé wọn mì. Tí wọ́n bá se ọbẹ̀ oha, wọ́n á ní èmi máa sọ pé Ìbò ti gba ilé mi. Ni wọ́n bá lọ wá oúnjẹ tí kò ní ìlú, tí kò sí ẹni tó lè sọ pé ti bàbá òun ni. Adìyẹ àti ànàmọ́ òyìnbó. Mi ò bá wọn jà. Adìyẹ kúkú ni adìyẹ.

Ibi tí wàhálà ti wá bẹ̀rẹ̀ ni, kí ló máa bá a lọ.

Kí ló máa bá adìyẹ lọ, kí ló máa bá adìyẹ lọ. Láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀, wálláhì, bíi pé adìyẹ fẹ́ lọ Mẹ́kà tó ń wá alábàárìn. Wọ́n ránṣẹ́ sí Mirabel tí òun àti Nneka jọ ń ṣiṣẹ́, ó gbé fóònù wá, ó ń fi àwòrán oúnjẹ hàn wọ́n, wọ́n dorí jọ, wọ́n ń mi orí. Ìrẹsì? Rárá, ìrẹsì àti ànàmọ́ ò lè jókòó pọ̀, ọ̀gá ò gbọdọ̀ pé méjì nínú àwo. Ẹ̀wà? Ẹ̀wà á kó ìtìjú bá àlejò. Ẹ̀fọ́? Epo ẹ̀fọ́ á ṣàn kan adìyẹ. Ó ṣàn kàn án, ṣé ó máa ta á lára ni? Oúnjẹ tí gbogbo rẹ̀ ń lọ sínú ikùn kan náà, ẹ ò fẹ́ kí wọ́n fara kanra lójú ọ̀nà. Èmi náà wá dá sí i, àgbà kì í wà lọ́jà, mo ní ẹ jẹ́ ká se mọ́ínmọ́ín ewé, irú èyí tí Sàlímọ́tù máa ń sè, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Mirabel wò mí tàánú-tàánú. Ó ní, "Bàbá, àwọ̀ ẹ̀ ò ní bá ti ànàmọ́ mu." Àwọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé tí mo ti ń jẹun, mi ò mọ̀ pé ojú náà ní ikùn tiẹ̀.

Ohun tí wọ́n wá mú lẹ́yìn gbogbo àpérò ni kábéèjì tútù. Wọ́n ní kósíló ló ń jẹ́. Wọ́n rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọ́n rẹ́ kárọ́ọ̀tì sí i, wọ́n wá fi nǹkan funfun kan pa á lára bí ẹní fi òrí pa ọmọ ìkókó. Mo ní ṣé ewúrẹ́ ló ń bọ̀ wá kí wa ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Bàbá ò ní pa àwọn.

Ẹ̀n? Ta ló sọ fún ẹ? Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n bi mí léèrè kí wọ́n tó sè é?

Tájù ti pè ẹ́. Mo mọ̀. Ojú rẹ ti ń rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí mo ti dé. Ó dáa, wọ́n bi mí. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe bi mí? Ìwọ ni kó o dá a. Lọ́jọ́bọ̀, mo ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, omi wà létí mi, Nneka wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tùlù, ó ní, "Bàbá, gísídòdò ńkọ́? Ṣé kí n fi kún un?" Dòdò ni mo gbọ́. Ta ló máa gbọ́ dòdò tí kò ní dáhùn? Mo ní ṣe é, ọmọ mi, dòdò ò ṣòro jẹ. Kò dìde. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ yọ̀ǹda ẹ̀ fún gbogbo ilé?" Mo ní mo yọ̀ǹda ẹ̀, kí gbogbo ilé jẹ ẹ́, kí àlejò jẹ ẹ́, kí ará àdúgbò jẹ ẹ́. Ó dúpẹ́ títí, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ lé lójú ẹ̀. Mo ń sọ nínú ara mi pé ọmọ yìí mà mọ oore o, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lásán. Ṣé mo mọ̀ pé iwe ni gísí ni? Ìlú wo ni wọ́n ti ń pe iwe ní gísí? Ẹ fẹ́ gba oyè lọ́wọ́ àgbà, ẹ fi èdè tí kò gbọ́ bi í léèrè, nígbà tí omi wà létí ẹ̀. Ó ti bófin mu.

Ẹ tún wá jẹ́ kí èmi náà dúńbú adìyẹ méjì. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, èmi ni mo kọjú àwọn adìyẹ náà sí gábàsì, èmi ni mo pe Bísímílà, mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi là wọ́n. Iwe méjì ni mo fi ojú mi rí nínú abọ́. Méjì tó nípọn. Mo ṣírò ẹ̀ lọ́kàn mi, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti ẹni tó ń bọ̀. Ìdí tí mo fi ṣírò ẹ̀ bẹ́ẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

A jókòó lẹ́yìn ìrun Àsárì. Bàbá Nneka jókòó lọ́ọ̀kán mi, ó gbé fìlà lé orúnkún. Wọ́n gbé itan fún un, mo ní ó dáa. Wọ́n gbé apá fún mi, mo ní wọ́n ń bọ̀. Mo retí, retí. Mo wá rí i tí Mirabel ṣí abọ́ kan, dòdò onígun mẹ́rin, ata, àlùbọ́sà, pẹ̀lú àwọn nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ kan láàárín wọn. Mo rò pé àlùbọ́sà tó jóná ni. Mo fi kan ẹnu. Martins, iwe ni. Iwe tí wọ́n rẹ́ bí ẹni rẹ́ ilá. Méjì náà ò sì tó wọn, Nneka ti lọ ra kílò kan lọ́jà kún un, iwe adìyẹ tí mi ò mọ ibi tó ti wá, kí n wá sọ èyí tó jẹ́ tèmi nínú wọn. Tèmi ti wọ àwùjọ. Gbogbo wọn ń bù ú. Tájù ń bù ú. Mirabel, tí kì í ṣe àna tí kì í ṣe ìbátan, ó ń fi ṣíbí bu oyè mi sórí kábéèjì.

Má sọ bẹ́ẹ̀. Má sọ pé ẹran lásán ni. O mọ ìdí tí ọkùnrin yẹn ò fi wá fún ọdún mẹ́fà? O rò pé o mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo sọ fún gbogbo ayé ni pé ìgbéraga ló ń ṣe é.

Ọrùn ni. Ọjọ́ tí wọ́n wá mọ̀ wá, mi ò fẹ́ ìgbéyàwó náà, mo lẹ́nu nígbà yẹn. Wọ́n pa adìyẹ. Mo wọ ilé ìdáná, mo sọ fún Sàlímọ́tù pé ọrùn ni kó gbé fún un. Ọrùn adìyẹ, ìpín ọmọdé, lórí ìrẹsì, nínú àwo tó dára jù lọ nílé. Sàlímọ́tù bẹ̀ mí, ó di ẹsẹ̀ mi mú. Mo ní ọrùn ni. Ilé tí wọ́n ti ń pín adìyẹ ni ọkùnrin yẹn náà ti wá, iwe ni ti àgbà ọkùnrin lọ́dọ̀ tiwọn náà, torí náà kò sí ẹni tó máa túmọ̀ ẹ̀ fún un. Ó wò ó. Ó kí wa pé a ṣeun. Ó dìde, ó lọ. Ọjọ́ tí Sàlímọ́tù kú, ó wá o, ó dúró sẹ́bàá títì láti àárọ̀ títí wọ́n fi gbé òkú jáde, kò wọlé. Mo rí i láti ojú fèrèsé. Ojú tì mí, Martins. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Ẹnu tó pàṣẹ ọrùn, ẹnu náà ò wá lè sọ pé ẹ má bínú. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ nínú balùwẹ̀, mo tilẹ̀kùn, kò jáde. Mo wá ní iwe á bá mi sọ ọ́. Màá dìde lójú gbogbo wọn, màá fi ọwọ́ ara mi mú ọ̀kan, màá gbé e sínú àwo ẹ̀, ó parí. Ẹni tó mọ ọrùn, ó mọ iwe.

Èmi wá jókòó, mò ń fi ṣíbí tú dòdò kiri. Mo gbójú sókè, ọkùnrin náà ń tú tiẹ̀. Àgbà méjì, ohun kan náà là ń wá nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo wò ó, ó wò mí. Àṣé ó ti rí ọ̀kan, ọ̀kan tí ọ̀bẹ fò, odindi, àfi etí ẹ̀ tí wọ́n gé díẹ̀. Ó nawọ́ kọjá lórí kósíló, ó gbé e sínú àwo mi. Ó ní, "Bàbá Tájù, take. Na you kill am."

Nínú ilé mi. Èmi tí mo gbé ọrùn fún un. Nneka bú sẹ́kún, Tájù ń wolẹ̀, Mirabel ní ṣé ata ló pọ̀ jù ni. Ohun tí mo ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ dì lẹ́rù, ọkùnrin yẹn fi ṣíbí kan gbà á mọ́ mi lọ́wọ́, ó tún ṣe é ju bí mo ṣe fẹ́ ṣe é lọ. Mi ò lè dúpẹ́. Mo kàn ń mi orí bí alángbá.

Ṣé mo jẹ ẹ́? Kí ni mo fẹ́ fi jẹ ẹ́?

Rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín dáadáa. Eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu mi, méjì lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọn ò sì tíì fojú kanra láti iléyá mélòó kan sẹ́yìn. Sàlímọ́tù ló ń bá mi jẹ iwe nígbà ayé ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ológbò ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ológbò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni ológbò ti ń gbà á. Wò ó, òun nìyí nínú áńkáṣíìfù mi, mi ò lè gbé e fún ológbò, mi ò lè jẹ ẹ́, mi ò sì fojú kan oorun.

Bu gàrí yẹn sí mi, mo ti ń wò ó láti ìgbà tí mo ti jókòó.

Fóònù mi ló ń dún yẹn. Nneka ni, ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyẹn láàárọ̀ yìí. Ìwọ gbé e. Sọ fún un pé mi ò bínú. Rárá, sọ fún un pé mo bínú, kó lè mọ̀ pé ara mi yá. Sọ fún un pé àkùkọ méjì ni mo fẹ́ kó bá mi wá, ààyè ni o, wọn ò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kàn wọ́n, kó di ẹsẹ̀ wọn pọ̀, mò ń bọ̀ wá gbé wọn lọ sí Coconut nísinsìnyí, sí ìsọ̀ bàbá ẹ̀, màá dúńbú wọn lójú ẹ̀, màá mú iwe méjèèjì fún un. Kó má bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan. Kó má pe Mirabel. Tó bá sì bi ẹ́ pé kí ló máa bá adìyẹ lọ, sọ fún un pé èmi ni. Èmi ni mo máa bá a lọ.