Ẹrù Mi Wà Nínú Ìwọ̀n Mi

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Scarborough, níbi tí wọ́n ti ń ta bàtà fífẹ̀ tí wọ́n ń so mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà ẹni kí ẹsẹ̀ má baà rì sínú yìnyín, mo gbọ́ tí ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún àti ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́.

"Auntie, èyí tó kéré yìí ti tó yín. Ẹsẹ̀ yín ò tóbi."

"Ta ló ń sọ ti ẹsẹ̀? Ṣé o ò gbọ́ ohun tí ẹni tó ń tà á sọ ni? Bí èèyàn ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń mú un, àti ẹrù tó bá gbé. Flask tíì mi, oúnjẹ mi, jákẹ́ẹ̀tì mi kejì, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú báàgì mi."

"Èmi ni mo máa gbé báàgì yín, mà. Ẹ yọ ìyẹn kúrò."

"Má yọ nǹkan kan. Ẹrù mi wà nínú ìwọ̀n mi."

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ orúkọ ara rẹ̀. Orí mi wú. Mi ò rántí ìbọ̀wọ́ tí mo wá rà mọ́.

"Auntie, ẹ jọ̀ọ́. Tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tá a jọ fẹ́ lọ rìn lórí yìnyín bá rí mi lọ́wọ́ òfo, tí ẹ̀yin wá gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́."

"Wọn ò ní rí ẹ."

"Kí ló dé, mà?"

Ìyá mú èyí tó tóbi, ó há a mọ́ abíyá.

"Wàá ṣì máa bọ̀ lẹ́yìn."