Èmi Ni Mo Kọ Lẹ́tà Tó Pín Àdúgbò Wa Sí Méjì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣẹ́ èpè lé mi lórí kí ẹ tó gbọ́ mi tán. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ọkọ mi kò mọ̀. Ìyá tó bí mi kò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, mi ò sì mọ ọ̀nà tí màá gbà.

Aránṣọ ni mí ní Odoakpu, ní Onitsha. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ọ̀yọ́ làwọn òbí mi, Mùsùlùmí sì ni wá, ṣùgbọ́n ọmọ Igbo ni mo fẹ́. Mo gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ Igbo, mo sì kàwé díẹ̀. Bí ìwé bá dé láti ìjọba ìbílẹ̀, èmi làwọn èèyàn wa máa ń pè.

Bàbá Lásísì ni alága àwa Yorùbá tó wà ládùúgbò náà. Ẹní àti kẹ́tù àlùwàlá ni wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Àwọn ló kọ́ mi ní kéú nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n ń ka Lárúbáwá bí ẹni mumi, ṣùgbọ́n wọn ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà náà, ìjọba fẹ́ tún wọ́ọ̀dù pín. Ìgbìmọ̀ kan ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ̀wé wá, kí ó sọ bó ṣe fẹ́ ẹ. Tiwa kò le. Ṣé kí òpópónà wa wà nínú wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àbí kí wọ́n là á láàárín, kí apá kan lọ sí wọ́ọ̀dù òkè, kí apá kejì lọ sí wọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀? Bí a bá wà pa pọ̀, kò sẹ́ni tó lè di kánsílọ̀ láì wá bẹ̀ wá. Bí wọ́n bá pín wa, ta ni yóò yà wò wá?

Bàbá pè mí sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Yorùbá, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Sọ fún wọn pé a bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má pín wa. Ọwọ́ kan ò gbérù dórí."

Mo mú un lọ sílé láti sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Obiora, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló jókòó ní pálọ̀. Ó fẹ́ ṣe kánsílọ̀ wọ́ọ̀dù òkè, ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá pín wa, òun yóò wọlé. Kò halẹ̀ mọ́ mi. Ká ní ó halẹ̀ ni, bóyá ǹ bá kọ̀. Ó kàn wò mí, ó ní, "Nwunye anyị, biko." Ìyàwó wa, jọ̀ọ́. Ó ní, "Abeg, help me for that letter."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò. Nígbà tí mo bí àbígbẹ̀yìn mi, ẹ̀jẹ̀ ń ya lára mi, ọkọ mi kò sí nílùú. Obiora ló na apá sílẹ̀ ní ọsibítù, tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún mi. Kò fi ṣe ìrègún sí mi rí. Lọ́jọ́ yẹn náà, kò mẹ́nu bà á. Èmi ni mo rántí.

Mo kọ ọ́ pé àwa Yorùbá fara mọ́ ọn kí wọ́n pín wa.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Bàbá, wọ́n ní kí n kà á fáwọn. Mo ń wo Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń ka Yorùbá tí wọ́n sọ fún mi jáde lẹ́nu, mi ò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọlọ́run á bù kún ọpọlọ rẹ." Wọ́n lu òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ sí i.

Wọ́n pín wa. Obiora wọlé. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n gọ́tà ńlá ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí bọ́ sórí ààlà gan-an. Obiora ní ti ìsàlẹ̀ ni. Kánsílọ̀ ìsàlẹ̀ ní ti òkè ni. Kò sẹ́ni tó kó o. Nígbà òjò tó kọjá, omi ya wọ mọ́ṣáláṣí, ó ya wọ ilé Ìyá Ràfátù onídìrí, ó ba gbogbo ohun tó fi ń ṣiṣẹ́ jẹ́. Àwọn èèyàn wa fi ìbínú lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Akọ̀wé kan mú lẹ́tà jáde, ó ní, "Na una chairman stamp am."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n pe Bàbá ní ọ̀dàlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ìyá Ràfátù ń sunkún, ó ń bi wọ́n pé, "Kí la fi ṣẹ̀ yín, Bàbá?" Bàbá gbé Kùránì, wọ́n búra. Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo wà láàárín àwọn obìnrin. Mo ń tún híjáàbù mi ṣe.

Ìgbìmọ̀ ti ní àwọn ń padà bọ̀ wá gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí pípín náà kò tẹ́ lọ́rùn. Bàbá bá ránṣẹ́ pè mí. Ojú wọn ti di bàìbàì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àwọn ará ọ́fíìsì ló yí lẹ́tà wa padà. Ìwọ nìkan lo gbọ́ ohun tí mo sọ. Bá mi sọ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, kí àwọn èèyàn lè máa kí mi kí n tó kú."

Mo ní, "Ó dáa, Bàbá."

Mo délé, mo bá Obiora, ó gbé àbígbẹ̀yìn mi lé ẹsẹ̀, ó ń fún un lóúnjẹ. Ó ní bí wọ́n bá bi mí, kí n ní ohun tí Bàbá sọ ni mo kọ. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí ló tún kù tí n óò sọ, pé ìyàwó òun kì í purọ́.

Bí mo bá sọ òótọ́, mo ti tú ilé ọkọ mi ká. Bí mo bá ní ọ́fíìsì ló yí i, mo ti di ẹ̀bi ru akọ̀wé tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí mo bá sì sọ ohun tí Obiora ní kí n sọ, mo ti sin Bàbá láàyè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà tó ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bàbá ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn pé ẹlẹ́rìí àwọn ń bọ̀.