Wáyà Inú Apẹ̀rẹ̀ Obì

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tó yọ mí lẹ́yìn káńtà ọlọ́pàá. Halelúyà! Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ bí mi ò bá sọ ọ́ fúnra mi, ẹlòmíì á bá mi sọ ọ́, á sì fi iyọ̀ sí i.

Gbogbo yín lẹ rántí ìgbà tí wọ́n gé wáyà transfọ́mà àdúgbò wa, tí ṣọ́ọ̀ṣì yìí náà wà lókùnkùn. Èmi ni mo gba máíìkì lọ́jọ́ Sunday yẹn. Mo ní kí Ọlọ́run tú àṣírí olè náà síta, kí gbogbo Ṣàgámù rí i. Ẹ ṣe àmín tó mi ilé tìtì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òwò obì, ẹ mọ̀ pé bí ẹnì kan bá gbé apẹ̀rẹ̀ tó ti fi ewé dì wá, pé ká bá òun tọ́jú ẹ̀ títí ọkọ̀ òkè ọya á fi dé, a kì í tú u. Afẹ́fẹ́ á wọlé, obì á gbẹ, ọwọ́ ẹni tó tú u ni wọ́n á sì ti gbà á. Bẹ́ẹ̀ la bá a lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Bọ́dé, ọmọkùnrin tó máa ń bá wa ra obì wá láti oko, ló gbé apẹ̀rẹ̀ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wúwo lóòótọ́, àmọ́ obì tútù náà kì í fúyẹ́. Mo ní kó gbé e sígun.

Ọjọ́ kejì, mo ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá, mo fẹ́ máa bọ̀ nípàdé níbí, làwọn ọlọ́pàá bá já wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹnì kan ti ta wọ́n lólobó pé ọ̀dọ̀ mi ni ẹrù náà wà. Wọ́n fa ewé ya. Yéè! Wáyà transfọ́mà wa ni!

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dípò kí n sọ bí apẹ̀rẹ̀ ṣe débẹ̀, ariwo ni mo ń pa. Mo ní ìwé àṣẹ kóòtù dà? Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò pé láìsí ìwé, ọlọ́pàá ò lè mú èèyàn. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́ o, mo ti pa rédíò, mo ti lọ sọ́jà. Mo di ilẹ̀kùn mú, mo gbá ọwọ́ ọlọ́pàá obìnrin kan dànù. Gèlè mi bọ́. Gbogbo ọjà ń wò nígbà tí wọ́n gbé mi sẹ́yìn ọkọ̀ wọn.

Ní téṣàn, ọlọ́pàá obìnrin yẹn ló jókòó tì mí. Ó ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Bí a bá bá ẹrù olè lọ́wọ́ èèyàn, tàbí tó dá ọ̀ràn lójú wa, tàbí tí a ní ìdí gúnmọ́ láti fura sí i, òfin gbà ká mú un láìsí ìwé. Ohun tí òfin ò gbà ni ká tì yín mọ́lé bó ṣe wù wá. Kóòtù ò jìnnà síbí. Kí ọjọ́ kan tó pé, ẹ gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́, tàbí kí ẹnì kan gba béèlì yín. Béèlì ò sì gba kọ́bọ̀."

Ọmọ tí mo lè bí ló ń bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tí mo gbá sì ṣì pọ́n. Mo fẹ́ gbàdúrà, kò wá. Àmín yín lọ́jọ́ Sunday ló ń dún létí mi. Mo wá sọ pé, "Olúwa, èmi ni mo ní kí O tú olè síta, àmọ́ èmi kọ́ o. Má jẹ́ kí orúkọ olè mọ́ mi lórí." Mo sunkún bí ọmọdé.

Ta ni Ọlọ́run rán? Àlàájà tí ṣọ́ọ̀bù wa kángun síra wọn ni. Ó fi ọjà ẹ̀ sílẹ̀, ó wá ṣàlàyé fún ọ̀gá wọn, tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, pé àwa olóbì kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù. Ó ní ó ṣojú òun nígbà tí Bọ́dé gbé apẹ̀rẹ̀ wá, òun sì mọ ilé tó ń gbé ní Ògèrè. Wọ́n lọ, wọ́n bá ìyókù wáyà lọ́wọ́ ẹ̀. Òun náà, wọn ò mú ìwé kankan dání tí wọ́n fi mú un. Àlàájà gba béèlì mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Nígbà tí Bọ́dé jẹ́wọ́, wọ́n ní kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn mi mọ́. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọbìnrin ọlọ́pàá yẹn, ó sáré gbé mi dìde.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá gbé mi kọjá lóríta, mo rí àwọn kan nínú yín tí wọ́n wọ irú aṣọ tó wà lọ́rùn mi. Mo juwọ́ sí yín. Ẹ yíjú síbòmíì. Mi ò bínú o. Ká ní ẹ̀yin lẹ wà nínú ọkọ̀ yẹn, èmi náà á yíjú, màá tún sọ pé, "Ó ti ń fu mí lára tẹ́lẹ̀." Mo mọ ara mi. Ìyẹn ló ń tì mí lójú jù, ó ju ẹ̀yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá lọ. Èmi tí inú mi rí báyìí ni Ọlọ́run yọ. Ògo ni fún orúkọ Rẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ̀.