Abọ́ Ìyá Ayọ̀ Tó Wà Lọ́dọ̀ Wa

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé tí ìyàwó mi lò kẹ́yìn nílé, abọ́ ló ń fọ̀. Abọ́ tánńganran funfun kan ni, tó ní ọmọrí, tí etí rẹ̀ ti họ díẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì bi mí pé, "Dádì Ìrẹ̀tí, kí la máa bù sí i?"

Mo mọ abọ́ náà. Ti Ìyá Ayọ̀ ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò bá sọ̀rọ̀ mọ́ láti bí ọdún méjì. Mo ní kó bu ohunkóhun tó bá wù ú sí i. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé e lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, n kò kọ ọ́ kí ẹ lè bá mi kẹ́dùn. Mo kọ ọ́ nítorí pé obìnrin kan wà ní Jahi tó ń ru ẹ̀bi tó jẹ́ tèmi. Ìyàwó mi kú láì bá a sọ̀rọ̀, nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo sọ. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ gbé obìnrin náà lọ sí kóòtù.

Iléeṣẹ́ aládàáni kan níbí ní Àbújá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A máa ń kó oògùn àti ohun èlò lọ fún àwọn ilé ìwòsàn. Dámiláre, àbúrò ìyàwó mi, ló mú mi débẹ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀ kí n tó dé. Òun ló gba fọ́ọ̀mù fún mi, òun ló kọ́ mi níṣẹ́, a sì jọ wà ní ẹ̀ka kan náà.

Ìyá Ayọ̀ ni akọ̀wé ọ̀gá àgbà. Òun àti ìyàwó mi ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí a jọ ń gbé ní Gwarinpa, kí àwa tó kó lọ sí Lokogoma, tí òun sì kó lọ sí Jahi. Abọ́ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kankan nínú wọn. Bí Ìyá Ayọ̀ bá gbé ọbẹ̀ wá, ìyàwó mi á fi ẹ̀pà yíyan dá abọ́ náà padà. Kì í dá abọ́ ẹni padà lófìfo. Ó ní bí wọ́n ṣe tọ́ òun ní Kàbbà nìyẹn.

Nítorí pé mo mọ ìwé kọ, àwọn òṣìṣẹ́ yàn mí ní aṣojú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí aṣojú wà fún, kí ẹ lè mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ mi ṣe tó. Bí iléeṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, kò gbọdọ̀ kàn jí lọ́jọ́ kan kó lé wọn. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún aṣojú wọn, kó sọ ìdí rẹ̀ àti iye ẹni tó kàn, kí wọ́n sì jọ jókòó lórí ohun tó tọ́ sí àwọn tó ń lọ. Ẹni tó dé kẹ́yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, àyàfi tí ó bá mọṣẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìlànà iléeṣẹ́ wa wí, ó sì bá òfin iṣẹ́ mu. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Èmi ni mo kà á sí wọn létí nípàdé.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀gá àgbà pè mí. Ó ní iṣẹ́ ti dínkù, ènìyàn méjìlá yóò lọ ní ọjọ́ Ajé, ẹnì kan yóò sì kúrò ní ẹ̀ka tiwa. Ó ní bí a bá tẹ̀lé ètò ẹni tó dé kẹ́yìn, èmi ni ẹni náà. Ó wá ti ìwé kan síwájú mi. Ìwé náà sọ pé iléeṣẹ́ ti bá aṣojú òṣìṣẹ́ jíròrò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àti pé aṣojú gbà kí wọ́n má tẹ̀lé ètò náà. Kò sí ìjíròrò kankan. Gbogbo àkókò tí mo lò nínú yàrá yẹn kò tó ogún ìṣẹ́jú.

Ọ̀gá ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ ìwé. Ẹ rò ó dáadáa."

Mo rò ó. Ìrẹ̀tí ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, n kò mọ ẹni tí yóò tún gbà mí síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n fi èyí bo ara mi. Orúkọ àwọn méjìlá wà ní ẹ̀yìn ìwé náà. Mo rí orúkọ Dámiláre níbẹ̀ kí n tó buwọ́ lù ú.

Ní ọjọ́ Àìkú, Dámiláre wá jẹun nílé wa lẹ́yìn ìsìn, bó ti máa ń ṣe. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ikùn mi ń yọ. Ó ní, "Bọ̀dá mi, àbí wọ́n ti ń fún aṣojú lóúnjẹ ọ̀tọ̀ ni?" Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ajé, káàdì àwọn méjìlá kò ṣí ilẹ̀kùn mọ́. Wọ́n dúró sí ìta, wọ́n ń pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí wọ́n buwọ́ lùwé pé àwọn fúnra wọn ló fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọn kò ní rí owó oṣù yẹn gbà. Ẹ jọ̀ọ́, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ má buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé, ẹ fi han ẹni tó mọ òfin. Ohun tó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ fún wọn lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ojú fèrèsé ni mo dúró sí. Gbogbo wọn ló buwọ́ lù ú.

Nígbà tó yá, wọ́n bi mí bóyá iléeṣẹ́ sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Mo ní rárá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi bi mí pé ta ló mọ̀ sí i, ta ló fi orúkọ àbúrò òun sílẹ̀. Mo ń bọ́ bàtà mi. N kò gbójú sókè. Mo ní, "Ẹni tó tẹ lẹ́tà ló máa mọ̀."

Gbólóhùn náà nìyẹn. Ìyá Ayọ̀ ló ń tẹ lẹ́tà ọ̀gá. Ó sì ti wá sílé wa ní Sátidé tó ṣáájú, ó gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wá nínú abọ́ tánńganran yẹn, ó jókòó ti ìyàwó mi fún ìgbà pípẹ́, kò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ iṣẹ́ Dámiláre. Ìyàwó mi kò bá a jà. Kò kàn gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Ó gbé abọ́ náà sókè kọ́bọ́ọ̀dù.

Láti ìgbà yẹn ni n kò ti fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ tí wọ́n sì dákẹ́ nígbà tí mo wọlé, mo gbà pé èmi ni wọ́n ń sọ. Bí Ìyá Ayọ̀ bá gbé fáìlì kọjá, ojú mi á tẹ̀lé fáìlì náà. Òun ló tẹ ìwé tí mo buwọ́ lù, òun ló sì fi í pamọ́. Ó mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń retí kó sọ. Nílé pàápàá, bí ìyàwó mi bá rẹ ohùn sílẹ̀ lórí fóònù, mo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó wá yá, kò bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́ nípa iṣẹ́. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù. Di òní, n kò mọ̀ bóyá ó mọ̀. N kò mọ ìdí tó fi wò mí bẹ́ẹ̀ nígbà tó bi mí ohun tí a máa bù sí abọ́ yẹn.

Ìyá Ayọ̀ wá kí mi nígbà ọ̀fọ̀. Kò tíì jókòó tí Dámiláre fi dìde. Ó ní, "Màmá Ayọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ tẹ ìwé tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, kí lẹ tún wá wò? Ẹ̀gbọ́n mi ò bá yín sọ̀rọ̀ títí ó fi kú."

Èmi ni obìnrin náà wò. Mo tẹjú mọ́lẹ̀.

Mo sìn ín dé ẹnu géètì nítorí ojú ayé. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé, "Dádì Ìrẹ̀tí, ìwé yẹn ṣì wà nínú fáìlì. N kò fi han ẹnikẹ́ni. N kò sọ fún ọ̀rẹ́ mi pẹ̀lú, nítorí ọkọ rẹ̀ ni yín."

Mo padà wọlé, mo sì ń rò ó bóyá ó fi ń halẹ̀ mọ́ mi ni. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo ti dà. Wọ́n fi inú rere hàn mí, mo ń wá ọ̀bẹ nínú rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nísinsìnyí nìyí. Àwọn méjìlá ti rí agbẹjọ́rò. Ó sọ fún wọn pé ìwé tí iléeṣẹ́ fi ń gbèjà ara rẹ̀ ni ìwé ìjíròrò yẹn, àti pé bí wọ́n bá lè fi hàn pé irọ́ ni, ọ̀nà ṣì wà. Iléeṣẹ́ kò tíì fi ìwé náà hàn wọ́n. Nítorí mo ti ní wọn kò sọ fún mi, ó dá Dámiláre lójú pé Ìyá Ayọ̀ ló hùmọ̀ ìwé náà pẹ̀lú ọ̀gá, wọ́n sì fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ kún ẹ̀sùn. Ó wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin nìkan la ní nínú iléeṣẹ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ìwé náà."

Mo ní màá wò ó.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ti buwọ́ lù ú, lọ́tẹ̀ yìí lórí òtítọ́. Ohun tí n kò mọ̀ ni ẹni tí n ó kọ́kọ́ gbé e fún. Ṣé Dámiláre ni, tó jẹ́ àna mi, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí mi? Àbí Ìyá Ayọ̀, tí mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjìlá bá sì ń ka èyí, mo tọrọ àforíjì. N kò ní kí ẹ dárí jì mí kíákíá.

Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyàwó mi, n kò dáná rí. Àwọn ará ìjọ ló ń gbé oúnjẹ wá, abọ́ wọn sì ń padà lófìfo. Ní ọ̀sán àná, mo ra ẹ̀pà. Mo fi omi iyọ̀ rẹ̀ ẹ́, mo sá a, mo fi gààrí yan án bí mo ṣe máa ń rí ìyàwó mi tó ń ṣe é. Èyí tí mo kọ́kọ́ yan jóná. Mo dà á nù, mo ra òmíràn, mo sì dúró tì í, n kò kúrò nídìí iná.

Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jinná dáadáa. Mo bù ú kún abọ́ tánńganran Ìyá Ayọ̀, mo sì fi ọmọrí dé e.